Ìmọ̀ràn fún Àwọn tí ń lọ sí Ìpàtẹ Ọjà Àgbáyé ní Èkó

Ní ọdọọdún, nígbà tí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn ènìyàn a máa tọ̀ wá wá láti béèrè nípa Ìpàtẹ Ọjà Àgbáyé tí a ń ṣe ní Èkó. Ọ̀nà wo ni a ń gbà dé ibẹ̀? Kí ni ó yẹ kí a mú lọ́wọ́? Ǹjẹ́ ẹni tí kì í ṣe oníṣòwò ńlá tilẹ̀ ní ohun tí yóò rí níbẹ̀? A ti pinnu láti dáhùn gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú ìwé ìròhìn yìí. Ṣùgbọ́n kí a tó máa gba ẹlòmíràn ní ìmọ̀ràn, ó tọ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe tiwa, nítorí pé láti inú àṣìṣe náà ni púpọ̀ nínú ohun tí a fẹ́ sọ ti jáde wá.

BÍ ÀWA TÌKÁRA WA TI ṢÌNÀ

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn ìyá mẹ́ta nínú ìjọ wa bẹ̀ wá pé kí a mú wọn lọ sí ìpàtẹ náà. Iṣẹ́ gààrí ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣe. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ opó, ó sì ti dá àjọ fún oṣù mẹ́rìndínlógún kí ó lè ra ẹ̀rọ tí a fi ń lọ gbágùúdá, nítorí pé owó tí ó ń san fún ẹni tí ń bá a lọ̀ ọ́ ń jẹ èrè rẹ̀ tán. Ó wí fún wa pé, "Tíṣà, ẹ̀yin ni ẹ mọ ìwé. Bí ẹ bá ṣíwájú, àwa yóò tẹ̀lé yín." A gbà pẹ̀lú ayọ̀, inú wa tilẹ̀ dùn pé a kà wá sí ẹni tí ó mọ ọ̀nà.

Ìwé ìkéde ìpàtẹ náà ti wà lọ́wọ́ wa fún ọ̀sẹ̀ méjì. A ka ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀, a ka ọjọ́ tí yóò parí, ṣùgbọ́n a kò ka ìlà tí ó sọ ibi tí a ó ti ṣe é, nítorí a rò pé a ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tí a dé gáréèjì ní Èkó, a wí fún ọmọ ọkọ̀ pé, "Trade Fair ni à ń lọ." Ọmọ náà kò tàn wá jẹ. Ó mú wa lọ sí ibi tí gbogbo Èkó ń pè ní Trade Fair, èyí tí ó wà ní Ọ̀jọ́ ní ojú ọ̀nà Àgbádárìgì. Ohun tí a bá níbẹ̀ ni ọjà tí ó tóbi bí ìlú, níbi tí a ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, aṣọ, bàtà àti ohun èlò oríṣiríṣi. A rìn kiri nínú oòrùn fún bí wákàtí mẹ́ta kí ẹnì kan tó ṣàánú wa, tí ó sì wí fún wa pé Oníkàn, ní Erékùṣù Èkó, ni ìpàtẹ tí a ń wá wà, pé ọ̀nà ibẹ̀ sì jìn sí ibi tí a dúró sí.

Nígbà tí a ó fi jáde kúrò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀sán ọjọ́ náà, ọjọ́ ti lọ. A kò rí ìpàtẹ, a kò rí ẹ̀rọ. Ní gbogbo ọ̀nà, opó náà kò fọhùn. Nígbà tí a dé Ìjẹ̀bú-Òde ní òru ni ó tó wí pé, "Tíṣà, owó ọkọ̀ yìí, nínú owó ẹ̀rọ ni mo ti yọ ọ́ o." Ọ̀rọ̀ náà dùn wá ju ìbáwí lọ. Ẹ̀bi kì í ṣe ti ọmọ ọkọ̀. Tiwa ni, àwa tí a mọ ìwé tí a kò kà á tán. Àwọn baba wa wí pé abéèrè kì í ṣìnà. Ẹni tí ó rò pé òun mọ̀ ni kì í béèrè.

ÌDÍ TÍ ORÚKỌ NÁÀ FI Ń ṢI ÈNÌYÀN LỌ́NÀ

Ní ọdún 1977, ọdún kan náà tí a ṣe àjọ̀dún FESTAC, ìjọba àpapọ̀ ṣí ọgbà ńlá kan sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́ fún ìpàtẹ ọjà. Ìpàtẹ àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá, ó sì parí ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún náà. Lẹ́yìn èyí, ọgbà náà di ọjà ojoojúmọ́, ìpàtẹ sì ṣí kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ kò ṣí. Ní àwọn ọdún tí ó kẹ́yìn yìí, Gbàgede Tafawa Balewa ní Oníkàn ni a ti ń ṣe é. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò Èkó tí a ń pè ní LCCI, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1888, ni ó ń ṣètò rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má ṣe wí fún awakọ̀ pé "Trade Fair" ni ẹ ń lọ. Ẹ wí pé "TBS, ní Oníkàn." Bí ẹnikẹ́ni bá sì ti ṣìnà dé Ọ̀jọ́ gẹ́gẹ́ bí tiwa, kí ó má ṣe sọ ìrètí nù. Kí ó wọ ọkọ̀ padà sí Mile 2, kí ó wọ ọkọ̀ ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, kí ó sì sọ̀kalẹ̀ ní Màrínà. Láti ibẹ̀, Oníkàn kò jìnnà mọ́.

ỌJỌ́ ÀTI ỌNÀ

Oṣù kọkànlá, èyí tí a tún ń pè ní oṣù Bélú, ni ìpàtẹ náà máa ń bọ́ sí. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, a sì máa gba ọjọ́ mẹ́wàá. Síbẹ̀, ẹ má ṣe gbé ọkàn lé ohun tí ẹ gbọ́ ní èṣí. Ẹ wo ìkéde ti ọdún tí a wà nínú rẹ̀: ẹ ka ọjọ́, ẹ ka wákàtí, ẹ ka ibi, ẹ ka owó ìwọlé, kí ẹ sì tún un kà fún ẹlòmíràn kí ó lè bá yín gbọ́ ọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Ìsinmi ni èrò máa ń pọ̀ jù lọ. Ẹni tí ó fẹ́ bá àwọn olùtajà sọ̀rọ̀ dáadáa, kí ó lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí ọjọ́rú, nígbà tí ọwọ́ wọn dilẹ̀ díẹ̀. A kò sì ní láti sọ fún ọmọ ìjọ pé kí ó má ṣe fi ìsìn ọjọ́ Olúwa sílẹ̀ nítorí ìran wíwò.

Ẹni tí ó bá ti Ìjẹ̀bú-Igbó lọ, Ìjẹ̀bú-Òde ni yóò kọ́kọ́ dé. Láti ibẹ̀, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń gba Ṣàgámù bọ́ sí òpópónà Ìbàdàn sí Èkó, wọn a sì já èrò sí Berger tàbí Ojótà. Àwọn mìíràn ń gba Ẹ̀pẹ́ lọ sí Ajah àti Lẹ́kí. Ẹni tí ó bá dé Ojótà, Kétu tàbí Mile 12 lè wọ bọ́ọ̀sì BRT, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹta ọdún 2008. Ó ní ọ̀nà tirẹ̀ tí ọkọ̀ mìíràn kì í gbà, ibùdókọ̀ rẹ̀ sì wà ní TBS gan-an. Káàdì tí a ń pè ní Cowry ni a fi ń san owó rẹ̀, òun náà ni a sì fi ń wọ ọkọ̀ ojú irin. Ẹ ra á, kí ẹ sì fi owó sí i kí ẹ tó tò sórí ìlà.

Ẹ kúrò nílé ní ìdájí. Bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ọmọ ní Èkó, ó sàn kí ẹ sùn lọ́dọ̀ rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú. Ẹ jẹ́ kí ó gbọ́ ṣáájú pé ẹ ń bọ̀, kí ẹ má ṣe kàn yọ sí i ní òru, kí ẹ sì mú gààrí díẹ̀ dání fún un, nítorí ẹni tí ń gbé Èkó ń ra omi, ó ń ra iná. Àwọn ẹ̀fọn ibẹ̀ kò mọ àlejò yàtọ̀ sí onílé. Ẹ béèrè àwọ̀n kí ẹ tó sùn.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A MÚ LỌ

Gbàgede náà jẹ́ pápá gbalasa, ooru Èkó ní oṣù náà a sì máa tó ìwọ̀n 31 tàbí 32 ti Celsius ní ọ̀sán. Ẹ dé fìlà tàbí gèlè tí ó fúyẹ́. Ẹ wọ bàtà tí ẹ ti mọ̀ lẹ́sẹ̀, kì í ṣe bàtà tuntun tí a rà fún ọjọ́ náà. Ẹ mú agbòòrùn kékeré àti omi mímu. Ẹni tí ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ nílé, kí ó sì jẹun ní àkókò.

Ẹ mú ìwé kékeré kan àti kálámù. Ẹ fi iná sí fóònù yín kí ó kún. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù ilé sórí ìwé pélébé, kí ẹ fi í sínú àpò ọmọ tí ẹ bá mú lọ, nítorí ọmọ tí ó bá sọnù nínú ọ̀pọ̀ èrò lè gbàgbé orúkọ baba rẹ̀ fún ìbẹ̀rù. Bí nǹkan burúkú bá ṣẹlẹ̀, 112 tàbí 767 ni nọ́ńbà tí a fi ń pe ìrànlọ́wọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ní ti owó, ẹ gbé èyí tí ẹ ó ná dání, kí ẹ sì fi ìyókù sílẹ̀. Ẹ gbé báàgì kọ́ sí iwájú, kì í ṣe sí ẹ̀yìn. Ojú ńlá ni ojú àlejò, kò fi ríran. Àwọn olè àpò sì mọ èyí dáadáa.

NÍ ẸNU Ọ̀NÀ ÀTI NÍNÚ ỌGBÀ

Ẹ ó mọ ibẹ̀ nípa àwọn ère ẹṣin funfun àti ti àwọn ẹyẹ idì tí ó wà lókè ẹnu ọ̀nà. Pápá eré ẹṣin ni ibẹ̀ ní àtijọ́. Níbẹ̀ ni a sì ti sọ àsíá Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀, tí a gbé ti Nàìjíríà sókè, nígbà tí òmìnira dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1960. Ilé-ẹ̀kọ́ King's College, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1909, wà nítòsí rẹ̀. Ẹ yan ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí ṣe ibi ìpàdé, kí ẹ sì dá wákàtí kan pé, "Bí a bá pínyà, níhìn-ín ni a ó ti pàdé ní agogo mẹ́rin." Ojú fèrèsé tí a yàn fún títa ìwé ìwọlé nìkan ni kí ẹ ti rà á, ẹ má ṣe rà á lọ́wọ́ ẹni tí ń rìn kiri.

Nígbà tí ẹ bá wọlé, ẹ ó rí àgọ́ lọ́tùn-ún lósì. Àwọn ilé-iṣẹ́ wa wà níbẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ kan wà níbẹ̀, àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè bí Japan àti China náà a sì máa wá. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ má ṣe ra ohunkóhun ní wákàtí àkọ́kọ́. Ẹ yí ọgbà ká ná. Ohun tí ẹ bá fẹ́, ẹ béèrè iye rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé yín. Ẹ gba ìwé owó tí a kọ orúkọ àti ibùgbé olùtajà sí, nítorí pé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá a ó tú àgọ́ náà, ibi tí ẹ bá a kì yóò sì sí mọ́.

Bí ẹ bá fi fóònù san owó, ẹ dúró kí olùtajà wí pé ó ti dé ọwọ́ òun. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ ń tà, ẹ má ṣe gba àléètì nìkan gbọ́; ẹ wò ó nínú àpò ìfowópamọ́ yín pé owó náà wọlé, nítorí àléètì èké pọ̀. Ẹ yẹra fún ẹni tí ń ta oògùn kan ṣoṣo fún gbogbo àrùn, àti ẹni tí ó wí pé ẹ ti jẹ ẹ̀bùn ńlá ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ san owó díẹ̀.

OHUN TÍ OPÓ NÁÀ RÍ NÍ ỌDÚN KEJÌ

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, a tún lọ, ṣùgbọ́n lọ́nà mìíràn. Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, a jókòó pẹ̀lú opó náà àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, a sì kọ ìbéèrè mẹ́rin sílẹ̀: Èló ni ẹ̀rọ náà? Epo mélòó ni ó ń jẹ ní ọjọ́ kan? Bí irin inú rẹ̀ bá jẹ, níbo ni a ó ti rí òmíràn? Ta ni yóò tún un ṣe ní àdúgbò wa? Ó di gààrí rẹ̀ díẹ̀ sínú ọ̀rá, ó sì fi í sínú báàgì.

Ẹ̀rọ tí ó kọ́kọ́ rí ń dán, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Ní ọdún tí ó kọjá, ìbá ti san owó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó béèrè ìbéèrè kẹrin, olùtajà náà rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀rọ òun kì í bàjẹ́. Ìyá náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì rìn kọjá. Ẹnì kẹta tí ó bi léèrè dárúkọ ẹni tí ń tún irú rẹ̀ ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde. A kọ ọ́ sílẹ̀, a sì lọ sílé láìra nǹkan kan. Lẹ́yìn tí ọmọ rẹ̀ ti lọ rí alátùn-únṣe náà pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ ni wọ́n tó san owó. Ẹ̀rọ náà ń lọ gbágùúdá ní Òkè-Àgbò títí di òní.

Ohun kejì tí ó rí kò náà án ní kọ́bọ̀ kan. Ó fi gààrí rẹ̀ han obìnrin kan tí ń ta oúnjẹ inú ọ̀rá. Obìnrin náà tọ́ ọ wò, ó yìn ín, ó sì là á yé e pé gààrí Ìjẹ̀bú kò ṣòro láti tà ní Èkó, ṣùgbọ́n àwọn ilé ìtajà ńlá kì í gba oúnjẹ tí a dì sínú ọ̀rá bí kò bá ní nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1993 láti máa bójú tó oúnjẹ àti oògùn; àti pé kí ènìyàn tó wá nọ́ńbà yìí, kí ó kọ́kọ́ fi orúkọ òwò rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC. Ìyá náà kò tíì gbọ́ èyí rí. Òun àti àwọn méjì yòókù ti wá fi orí kan orí nísinsìnyí láti ṣe é pọ̀, nítorí ìnáwó rẹ̀ pọ̀ jù fún ẹnì kan.

SÍ ÀWỌN TỌKỌTAYA

A fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan sí ilé. Kí ọkọ àti ìyàwó jókòó papọ̀ kí ọjọ́ náà tó pé, kí wọ́n sì fi ohùn ṣọ̀kan lórí iye owó tí yóò jáde kúrò nínú ilé àti ohun tí a ń fẹ́ kí ó mú wọlé. Olúwa wa ti kọ́ wa nípa ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ pé kí ó jókòó ṣírò owó rẹ̀ ná, kí ó má baà di ẹni ẹ̀sín. Ọkọ tí ó fi owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ ra ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ní ìpàtẹ kò ṣe ìpàtẹ, ó pàtẹ ìtìjú. Ìyàwó tí ó sì gba abọ́ àwìn láìsọ fún ọkọ rẹ̀ ti gbé ìjà wọlé.

Ṣùgbọ́n a kò wí pé kí tálákà má lọ. Nígbà tí a ṣe ìpàtẹ ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1851, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà ìgbà tí a gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wọlé. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ òṣìṣẹ́ tí kò ní lọ́wọ́ ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń dá owó díẹ̀díẹ̀ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ kí wọ́n lè rí owó ọkọ̀ san, gẹ́gẹ́ bí àwa ti ń dá àjọ. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Thomas Cook nìkan sì ṣètò ìrìn-àjò fún ìwọ̀n 150,000 ènìyàn. Àwọn wọ̀nyí kò lọ ra ohun ńlá. Wọ́n lọ wo ohun tí ọwọ́ ènìyàn lè ṣe, kí ọwọ́ tiwọn náà lè ṣe é. Ẹni tí ó bá lọ sí Oníkàn pẹ̀lú ọkàn bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ọkọ̀ àti owó ìwọlé nìkan ni ó ní, kò lọ lásán.

Ẹ kúrò ní ọgbà náà kí oòrùn tó wọ̀, kí ilẹ̀ má baà ṣú yín sí ojú ọ̀nà. Nígbà tí ẹ bá sì délé, ẹ ṣí ìwé kékeré yín, kí ẹ ka ohun tí ẹ kọ fún àwọn tí kò lè lọ. Ní ìjọ tiwa, a ti sọ ọ́ di àṣà pé ẹni tí ó bá lọ yóò dìde lẹ́yìn ìpàdé ẹgbẹ́ láti ròyìn ohun tí ó rí, kí owó ọkọ̀ ẹnì kan lè kọ́ ogún ènìyàn lẹ́kọ̀ọ́.

Ní ti àwa, láti ọjọ́ náà wá, a kì í ka ìkéde kan láìka ìlà rẹ̀ tí ó kẹ́yìn. Ọ̀wọ́n ni ẹ̀kọ́ náà, nítorí pé owó opó ni a fi kọ́ ọ. A fi í lé yín lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Kí Olúwa kí ó ṣọ́ àlọ yín, kí ó sì ṣọ́ àbọ̀ yín. Àmín.